Tábìlì Tí Mi Ò Ní Kàn

Odomèta, ẹ̀yìn ọjà

Àdùkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Nǹkan mẹ́fà ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó yẹ kí n bẹ̀rù àti èyí tí mo kàn fi ń dá ara mi lágara.

Èkíní ni páànù òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án ni, ṣùgbọ́n o kò sọ ẹni tó kàn án. Èkejì ni alùpùpù tó ń gbé ọ lọ síbẹ̀, nítorí òjò àrọ̀kúrò ti sọ ilẹ̀ pupa ọ̀nà Idigny di ohun tó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ̀kẹta ni omi tí o ń mu. Ẹ̀kẹrin ni ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta tí wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo, ìwọ tí o kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀karùn-ún ni ikán. Ẹ̀kẹfà ni ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí, tí wọ́n ń pè ní Ṣìkírá.

Mo ka ìwé rẹ sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ ti rí èyí tí ẹ máa fi ṣe àníyàn di ọdún tó ń bọ̀." Mo ní kì í ṣe àníyàn, ìrònú ni. Ó ní kí n wá jẹ ọkà mi kó tó tutù, pé ìrònú kì í sá lọ.

Márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ̀yin méjèèjì lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹfà ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí dípò kí n pè ọ́. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì o ti ní, "Bàbá, mo ti gbọ́," ìlà á sì já. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yìí. Ẹnu mi kò gbé e. Bóyá ọwọ́ mi á gbé e.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o kọ sọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. O ní ọmọ CE1, kíláàsì kẹta, ni wọ́n fún ọ, iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí o ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. O ya yàrá náà sórí ìwé fún mi: ẹnu ọ̀nà, fèrèsé méjì lápá òsì, pátákó ìkọ̀wé, àwọn ìjókòó gígùn ní ìlà mẹ́fà. Ní iwájú pátápátá, o ya tábìlì kan sọ́tọ̀, o fi òbìrípo kékeré mẹ́ta yí i ká, o sì kọ "àwọn olóye" sí i lórí. O ní kí n bá ọ kan tábìlì náà, kí n kùn ún ní búlúù, kí àwọn ọmọ tí nǹkan tètè ń yé máa jókòó síbẹ̀, kí o lè máa fún wọn níṣẹ́ tó le ju ti àwọn yòókù lọ. O ti sọ fún àwọn ọmọ pé tábìlì ń bọ̀. Ṣìkírá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni o kọ́kọ́ dárúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ń dáhùn kí o tó bi í tán. Láti ìgbà tí o ti kéde tábìlì, ó ń fi ìṣirò sílẹ̀ láìṣe, ó ń ní òun kò mọ̀ ọ́n. O rò pé pátákó ló jìnnà sí i. Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ìwé yín, sì ti ní bí kò bá yí padà kí oṣù yìí tó parí, òun yóò dá a padà sí CP, kíláàsì kejì.

Nísàlẹ̀ ìwé, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, o kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ráṣídì, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà ní kíláàsì kan náà, ìlà karùn-ún ni ó ń jókòó sí.

Ọmọ mi, mi ò ní kan tábìlì yẹn. Má bínú. Fi sùúrù kà á títí dé ìparí, kí o tó ní bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé èmi àti Bàbá Idigny, àbúrò mi Àkàndé, jọ dàgbà nínú ilé yìí ni. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ọjọ́ kan náà ni bàbá wa mú àwa méjèèjì lọ sí ilé ìwé. Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà, ó sì kó gbogbo wa sí kíláàsì kan. Mo fi ọdún méjì ju Àkàndé lọ. Mo ga jù ú, mo lágbára jù ú, èmi ni mo máa ń gbé e kọjá odò. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí olùkọ́ wa kọ sórí pátákó tí Àkàndé kò ti mọ̀ kí ẹfun tó kúrò lára rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ipò ni wọ́n fi ń pín ìjókòó. Ìparí oṣù, lẹ́yìn ìdánwò, gbogbo wa á kó kayé wa, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ sí, a ó dúró ti ògiri. Olùkọ́ á wá máa pe orúkọ láti orí ẹni kìíní, méjì méjì sí ìjókòó kan, títí dé ẹni ìkẹyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àkàndé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Èmi ń dúró ti ògiri títí wọ́n á fi pe ẹni keje. Bí mo bá gbé ojú sókè láti wo pátákó, ẹ̀yìn orí àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ ń rí.

O mọ bí a ṣe tọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àwo. Ẹ̀gbọ́n ló ń rìn níwájú lójú ọ̀nà oko. Mo sì rò pé ẹnì kan ti gba nǹkan mi. Mi ò lu Àkàndé. Ì bá sàn kí n lù ú. Ohun tí mo ṣe ni pé nígbà tí ìyá wa bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ dá a dúró, mo máa ń ní, "Ẹni tó ń jókòó síwájú nílé ìwé ni yóò jẹun kẹ́yìn nílé." Á dúró. Á máa wò mí. Nígbà tí mo bá ṣe tán, kì í sí ẹran mọ́, bí ẹran bá tiẹ̀ wà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Ní oṣù kẹta, lẹ́yìn ìdánwò, olùkọ́ pe ẹni kìíní, kì í ṣe Àkàndé. Ó pe ẹni kejì, kì í ṣe Àkàndé. Ó pe èmi sí ipò keje. Lẹ́yìn náà ló pe Àkàndé sí ipò kẹjọ, ó sì wá jókòó tì mí lórí ìjókòó kan náà. Inú mi dùn débi pé, nígbà tí a délé, mo bu ẹran mi sí méjì, mo fún un.

Àdùkẹ́, ẹran yẹn ni mi ò tíì jẹ tán di òní.

Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó tì mí. Olùkọ́ sọ fún bàbá wa pé orí ọmọ náà ti kú, pé àwọn kan máa ń dára ní ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di pé ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá wa lè rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu, èmi ló rán. Àkàndé gbé ọkọ́. Ẹni tó lè wo oko àgbàdo láti ojú ọ̀nà, kó sì sọ iye àpò tí yóò ti ibẹ̀ jáde láìṣì, òun ni bàbá wa fi sílẹ̀ nílé. Mo ń fura ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mi ò béèrè. Ẹni tó ń bẹ̀rù èsì kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Ìwé rẹ ló lé mi lọ sí Idigny ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo bá Àkàndé lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó ń yín àgbàdo.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, báwo lẹ ṣe gun alùpùpù zẹ́mìjàn dé ibí? Àbí ẹ̀yin lẹ wà á?"

Ẹ̀yin ọmọ mi náà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nìkan ni mo lè jókòó sí. Mo ní kó fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó, mo bá a yín àgbàdo díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bi í pé, "Àkàndé, ní oṣù tí o bọ́ sí ipò kẹjọ yẹn, ṣé o kò mọ ìṣirò náà ni?"

Ó ju ṣúkù kan sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kí ló tún gbé e dé?"

"Àdùkẹ́ ló kọ̀wé."

"Ṣé Àdùkẹ́ ti wà láyé nígbà yẹn ni?"

"Dá mi lóhùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ ṣe é pé sínú orí mi. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá ṣírò iye tí mo máa bà jẹ́. Ìyẹn gan-an ló le. Mo ní láti mọ iye tí ẹ̀yin máa ṣì, kí tèmi lè fi díẹ̀ jù ú. Ipò keje lẹ wà, ipò kẹjọ ni mo ń wá. Ní oṣù kan, mo bà á jẹ́ jù, mo já bọ́ sí ìkọkànlá. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rò pé nítorí pé mo fìdí rẹmi ni."

Mo rántí ẹkún yẹn. Èmi ni mo pọ́n ọn lé ẹ̀yìn wálé.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹ ti fún mi ní ẹran."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ máa yín àgbàdo, ẹ jọ̀ọ́. Òjò ń bọ̀." Ṣùgbọ́n ó fi èjìká rẹ̀ kan tèmi, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí a wà ní ipò keje àti ìkẹjọ.

Nígbà tó yá, mo na àwòrán yàrá rẹ sí i, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Ṣìkírá àti Ráṣídì fún un. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ọmọ yẹn kò gbàgbé ìṣirò. Ó ń wá ọ̀nà àtijókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe nìyí. Mú kayé àwọn ọmọ méjèèjì. Ka iye ìṣirò tí Ṣìkírá fi sílẹ̀ láìṣe, kí o ka iye tí Ráṣídì ṣì. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iye méjèèjì bá ń sún mọ́ra lójoojúmọ́, o ti rí òkodoro. Má bi ọmọ náà léèrè. Bí o bá bi í lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti parí. Bí o bá bi í níkọ̀kọ̀, á purọ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní irọ́. Fi ọmọ sílẹ̀, kí o tún yàrá tò. Yàrá ló ń bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn: ta ni yóò wà níwájú, ìwọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ?

Àkàndé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún un tò. Mo bi í pé bí wọ́n bá fún un ní yàrá wa àtijọ́ yẹn lónìí, kí ló máa ṣe. Ó kó ṣúkù àgbàdo jọ, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ ní ìlà mẹ́fà bí o ṣe yà á, ó fi pátákó kékeré kan ṣe pátákó ìkọ̀wé níwájú. Ó wò ó, ó fi ọwọ́ gbá ìlà náà dànù. Ó ṣẹ́ ṣúkù gígùn sí kéékèèké, ó to wọ́n mẹ́rin mẹ́rin bí ẹbí tó yí àwo ká. Lẹ́yìn náà ló fi pátákó kékeré mìíràn sí ẹ̀yìn yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni iwájú?"

Mo wò ó títí. Pátákó wà níhìn-ín, pátákó wà lọ́hùn-ún.

"Ibẹ̀ ni èmi ì bá jókòó sí," ó ní.

Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá fẹ́ ríran dáadáa, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jókòó lé lórí.

Nítorí náà, Àdùkẹ́, kun ògiri ẹ̀yìn yàrá rẹ ní dúdú láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ga dé, kí àwọn ọmọ náà lè kọ nǹkan sí i. Jọ̀ọ́, má fi èédú inú bátìrì àtijọ́ kùn ún bí àwọn kan ti ń ṣe. Ohun tó wà nínú bátìrì kò dára fún ọwọ́ ọmọdé. Èmi yóò mú ọ̀dà wá. Ní òwúrọ̀ kan, kọ́ wọn láti iwájú. Ní ọjọ́ kejì, kọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Gbé àga tìrẹ náà kiri. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn á gbàgbé ibi tí ń jẹ́ iwájú.

Àwọn ìjókòó gígùn yẹn, mo máa fi ayùn gé wọn sí kúkúrú, ẹni méjì méjì. Èmi ni mo kan irú wọn fún ọ̀pọ̀ ilé ìwé lágbègbè yìí, mo sì kan òmíràn mọ́lẹ̀, nítorí mo bẹ̀rù pé àwọn ọmọ á tì wọ́n ṣubú lu ara wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò fọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wà láàárín ẹni márùn-ún lórí ìjókòó tí kò ṣeé sún, bó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ibi tó lè gbà jáde. Á jókòó síbẹ̀ máa gún ẹnì kejì rẹ̀ ní pẹ́ńsù. Olùkọ́ á ní aláìgbọràn ni. Rí i pé àyè wà tí ìwọ fúnra rẹ lè gbà dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lófuurufú kò lè ronú pẹ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mo jí i lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Nígbà tí mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mi ò rí iṣẹ́ ìjọba, mo lọ kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Adakplamè. Ọ̀gá mi ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó ń kó ìrépé pákó sí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ dúró wo àwọn tó kù, ọ̀gá kò sì ní kó bá wọn ṣe tiwọn. Á lọ sí igun náà, á fi ìrépé ṣe ohun tó bá wù ú. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè pé kí lò ń ṣe, àyàfi bí ìwọ fúnra rẹ bá gbé e wá. Èmi kì í tètè parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá tètè parí, bí ọba ni mo ṣe ń rìn lọ síbẹ̀.

Ṣe irú igun yẹn. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, má sì pè é ní ti àwọn olóye. Ti ẹni tó bá parí ni, ẹni tó bá parí lónìí lè má jẹ́ ẹni tó máa parí lọ́la. Mo ti ń fá ìrépé pákó tó dán, tí kò ní ẹ̀gún, láti ìjẹta. Wá kóró ìṣin àti okùn kún un, rédíò tó ti kú tí wọ́n lè tú palẹ̀, òṣùwọ̀n àtijọ́, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá. Ìyá rẹ ní òun ní agogo tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti bá a yọ gíláàsì rẹ̀ kúrò, kí ó má baà ṣá wọn.

Ní abẹ́ fèrèsé, mo máa kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ògiri, ní ìwọ̀n ibi tí àyà ọmọdé ga dé, fún ẹni tí kò lè jókòó pẹ́. Àkàndé ní ohun tó dun òun jù nílé ìwé kì í ṣe ipò, jíjókòó pẹ́ lójú kan ni. Àwọn ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ wọn ló ń bá wọn ronú. Jẹ́ kí wọ́n dúró kọ̀wé. Fèrèsé rẹ wà lápá òsì, ìyẹn dára, òjìji ọwọ́ wọn kò ní bo ohun tí wọ́n ń kọ, àyàfi àwọn tó ń fi òsì kọ̀wé. Àwọn yẹn, jẹ́ kí wọ́n kọjú sí òdìkejì. Má sì ṣe ohun tí mo ṣe nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí, tí mo ní kí wọ́n gbé fèrèsé sókè kí àwọn ọmọ má baà máa wo ìta. Bí ó ti ń wo ìta náà ni Àkàndé fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ebè.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé. Kò burú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bí mi ò bá sọ ọ́, òun á sọ ọ́. Ilé ìwé kan rí ìwé tuntun gbà fún àwọn ọmọ láti máa kà, wọ́n sì ní kí n kan kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀rù olè, mo bẹ̀rù òjò, mo bẹ̀rù ọwọ́ ìdọ̀tí. Mo fi igi líle kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo fi àgádágodo tó nípọn sí i. Inú dìrẹ́tọ̀ ìgbà náà dùn. Wọn kò ṣí i fún odidi ọdún kan, kí ìwé má baà bàjẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ikán ti gba ẹ̀yìn wọlé, ó ti ka gbogbo ìwé náà tán kí ọmọ kankan tó ka ojú ewé kan. Ìyá rẹ ṣì máa ń bi mí bóyá àwọn ikán náà yege ìdánwò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ta ló gbé pẹpẹ sókè? Mo máa kan tìrẹ sí ìsàlẹ̀, láìní ilẹ̀kùn. Mo máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo tó ní òróró mọ́tò díẹ̀ nítorí ikán, mo sì máa bo ẹnu agolo náà nítorí àwọn ọmọ. Jẹ́ kí ìwé dọ̀tí. Ìwé tó dọ̀tí ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, má jagun pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ohùn olùkọ́ tó ju páànù lọ. Kọ ìbéèrè sórí páálí kéékèèké, tó le àti tó rọrùn, kí o da gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan náà, kí kálukú mú èyí tó bá wù ú. Nínú ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí Ṣìkírá mú. Má sì sọ ọmọ tó mọ̀wé di ọlọ́pàá tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo. Wọ́n fi mí ṣe é rí fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní ọ̀rẹ́ fún oṣù kan.

Nípa Ráṣídì: má gbàgbé rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ọmọ tó ń sáré, a kì í wo ẹni tó dúró ti ògiri tó ń retí kí wọ́n pe òun. Wá ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí o sì fún un ní àyè rẹ̀ nínú yàrá náà. Bóyá òun ni yóò máa tọ́jú àwọn pákó igun yẹn. Ká ní ẹnì kan ti wí fún mi nígbà náà pé ọwọ́ mi dára fún igi, èmi ì bá má fi ọwọ́ náà dá àbúrò mi dúró lẹ́nu àwo.

Mo mọ̀ pé dìrẹ́tọ̀ lè máa wò ọ́ pé kí lò ń ṣe sí yàrá tuntun. Kí i dáadáa, kúnlẹ̀ fún un, bẹ̀ ẹ́ kó fún ọ di ìparí oṣù bó ti wí. Kì í ṣe ìhàlẹ̀ ló ṣe, àkókò ló fún ọ. Mo ní ìrètí, ọmọ mi. Mi ò sábà máa ń ní in, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n Ṣìkírá ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹnì kan sì ti tètè rí i. Kò sẹ́ni tó rí Àkàndé.

Àkàndé ní òun náà ń bọ̀. Mo ní kí ló fẹ́ wá ṣe. Ó ní ṣúkù òun ni mo fẹ́ lọ kàn, kí n má lọ tò ó lódì.

Mo ti bá ọlọ́kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan sọ̀rọ̀ láti kó pákó, ọ̀dà, ayùn àti ìṣó. Mo ní kó yẹ táyà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí yàrá rẹ bá ṣófo la lè ṣiṣẹ́, kí àwọn ọmọ lè bá a bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. O mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa dídáwọ́ lé nǹkan ní Àbámẹ́ta, o sì mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti gbọ́njú, mi ò bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò kankan lọ́jọ́ yẹn rí. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ọmọ náà kò ní àyè fún ẹ̀rù mi.

Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà. Ẹnì kejì á jókòó sórí pákó lẹ́yìn. A máa gbéra ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá yìí, kí oòrùn tó yọ. Bí a bá ti dé Idigny láti gbé àbúrò mi, kí a tó kọjá sí ilé ìwé rẹ, èmi yóò sọ̀ kalẹ̀, èmi yóò lọ sẹ́yìn. Àkàndé ni yóò jókòó síwájú.

Bàbá rẹ